Ayára-bí-Àṣá: Bí A Ti Ń Wọn Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn Yorùbá wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, wọ́n sì fún un ní orúkọ. Wọ́n pè é ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Orúkọ náà dùn létí, ó sì bá àṣà wa mu, nítorí pé ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ a máa ro ènìyàn, ó sì jọ pé ó ń ro ẹ̀rọ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ tí a ti pe kọ̀ǹpútà ní ayára-bí-àṣá ni ó ti dà bí ẹni pé eré sísá nìkan ni ìwà rẹ̀, tí a sì rò pé èyí tí ó bá yára jù ni ó dára jù. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti àwa nìkan. Àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ náà gan-an ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ó sì ná wọn ní owó tí kò kéré.

Ohun tí ó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù. Ìyá rẹ̀ gba owó àjọ, ó kó o fún un pé kí ó fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tí yóò máa fi gé fíìmù, tí yóò máa fi tò ó pọ̀, tí yóò sì máa fi gbá géèmù nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ọmọ náà dé ọjà, ó bá tòkunbọ̀ méjì pàdé. A kọ i5 sí ara ọ̀kan, a kọ i7 sí ara èkejì. Ẹni tí ń tà wọ́n sọ fún un pé i7 ju i5 lọ gẹ́gẹ́ bí méje ti ju márùn-ún lọ. Ó san owó lé owó, ó gbé i7. Nígbà tí ó gbé iṣẹ́ fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́wàá lé e, ẹ̀rọ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí. Ìgbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní ni a rí i pé i7 tí ó rà, èyí tí ó jáde ní ọdún 2016, ọpọlọ méjì péré ni ó ní nínú. I5 tí ó fi sílẹ̀, èyí tí ó jáde ní ọdún 2017, mẹ́rin ni tirẹ̀. Owó àjọ ọdún kan ni nọ́ńbà kan gbé mì.

Kì í ṣe ìwé atọ́nà ọjà ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín. Ọjà ń yí padà lóṣooṣù, ìwé kì í sì í lè bá a sáré. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ: ìtàn bí a ti ń wọn ọpọlọ kọ̀ǹpútà láti ọdún 1971 títí di òní, àti bí òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe ń tan ẹni tí ó bá gbàgbé láti béèrè pé irú iṣẹ́ wo ni òun fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe. Iṣẹ́ méjì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ: géèmù gbígbá, àti iṣẹ́ ọnà bíi fíìmù títò, àwòrán yíyà àti orin ṣíṣe. Èdè wa fi ọ̀rọ̀ kan náà, eré, pe èyí tí a ń sá àti èyí tí a ń ṣe. A ó rí i pé ẹni tí ó mọ eré sá lè má mọ eré ṣe.

Ọpọlọ tí kò ní iṣẹ́ kan pàtó

Ègé kékeré kan wà láàrin kọ̀ǹpútà tí gbogbo àṣẹ àti ìṣirò ń ti inú rẹ̀ jáde. Processor ni àwọn oníṣòwò ń pè é. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Inú iṣẹ́ tí kò tó nǹkan ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ Busicom ti orílẹ̀-èdè Japan ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì. Wọ́n tọ ilé-iṣẹ́ Intel lọ, èyí tí Robert Noyce àti Gordon Moore dá sílẹ̀ ní Kalifọ́níà ní ọdún 1968. Ohun tí Busicom ń fẹ́ ni ọ̀wọ́ ègé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ted Hoff, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Intel, rí i pé èyí yóò díjú jù. Ó dábàá pé kí wọ́n ṣe ẹyọ kan ṣoṣo tí yóò lè ṣe ohunkóhun tí a bá pa láṣẹ fún un. Òun, Stan Mazor, Federico Faggin, àti Masatoshi Shima tí ó wá láti ọ̀dọ̀ Busicom, ni wọ́n sọ àbá yìí di ohun tí a fi ojú rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, Intel kéde 4004 fún gbogbo ayé. Transístọ̀ 2,300 ni ó wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn tín-ín-tìn-ìn-tín ni ká pe transístọ̀: iná mànàmáná ń gbà á kọjá bí ó bá ṣí, kì í sì í kọjá bí ó bá tì.

Ó yẹ kí òǹkàwé fi ọkàn sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣáájú 4004, irú ègé kékeré bẹ́ẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀: ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ìṣirò ra ìṣirò, ó tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ní ègé kan ṣoṣo tí a lè rán bí ìránṣẹ́ ní iṣẹ́ gbogbo. Ìgbà tí ìránṣẹ́ bá sì lè jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ni ó tó di ọ̀ràn láti béèrè pé iṣẹ́ wo gan-an ni ó mọ̀ ọ́n jẹ́ jù. Ibẹ̀ ni yíyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Owó ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́

Òṣùwọ̀n tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ lò kì í ṣe eré sísá. Owó ni. Ní ọdún 1975, Chuck Peddle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kúrò ní Motorola gbé ọpọlọ kan jáde ní ilé-iṣẹ́ MOS Technology. 6502 ni orúkọ rẹ̀, 25 dọ́là sì ni wọ́n ń tà á, nígbà tí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mìíràn ń gba ju 100 dọ́là lọ. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ọjà ẹ̀rọ kan ní San Francisco. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Steve Wozniak wà lára àwọn tí ó rà á níbẹ̀. Wozniak kò wá èyí tí ó lágbára jù. Èyí tí agbára rẹ̀ ká ni ó rà. Ọpọlọ yìí ni ó fi ṣe Apple I ní ọdún 1976 àti Apple II ní ọdún 1977.

Ìdílé ọpọlọ olówó pọ́ọ́kú yìí kan náà ni ó sọ géèmù di ohun inú ilé. Ọmọ ìyá rẹ̀ wà nínú Atari 2600 ti ọdún 1977, òmíràn wà nínú Commodore 64 ti ọdún 1982, òmíràn tún wà nínú ẹ̀rọ Famicom tí Nintendo gbé jáde ní Japan ní ọdún 1983. Bí a bá ní eré sísá nìkan ni a fi ń yan ọpọlọ, ìtàn géèmù ì bá máà rí bí ó ti rí.

Ti iṣẹ́ ọnà náà wá tẹ̀ lé e. Ní oṣù keje ọdún 1985, Commodore fi kọ̀ǹpútà Amiga hàn ní Lincoln Center ní New York. Lórí pèpéle níbẹ̀ ni gbajúmọ̀ ayàwòrán nì, Andy Warhol, ti fi ẹ̀rọ náà ya àwòrán akọrin Debbie Harry lójú gbogbo ènìyàn. Ọpọlọ Motorola 68000 ni ó wà nínú Amiga. Ọpọlọ yìí kan náà ni ó wà nínú Macintosh tí ó jáde ní ọdún 1984. Ohun tí ó mú Amiga yàtọ̀ ni pé wọn kò di gbogbo ẹrù lé ọpọlọ náà lórí. Wọ́n fún un ní àwọn olùrànlọ́wọ́ mẹ́ta tí ń jẹ́ Agnus, Denise àti Paula, tí wọ́n ń bójú tó àwòrán àti ohùn. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀kọ́ yìí ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1985, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ọjà tó kọ́ ọ.

Ìgbà tí nọ́ńbà di oyè

Inú ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ni ìlù kan wà tí kì í dákẹ́. Bí ó bá ti lù lẹ́ẹ̀kan ni iṣẹ́ ń sún síwájú. Iye ìgbà tí ìlù náà ń dún ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni a ń kà: bí ó bá dún ní ìgbà mílíọ̀nù kan, megahertz kan nìyẹn, bí ó bá jẹ́ bílíọ̀nù kan, gigahertz kan ni. Ọpọlọ 8088 tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà IBM tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981 ń lù ní megahertz 4.77. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti rí nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn lè lóye. Èyí tí ó bá tóbi ni ọ̀gá.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nípa orúkọ pẹ̀lú. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n ń pe àwọn ọpọlọ wọ̀nyí: 286, 386, 486. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn bíi AMD náà ń ṣe tiwọn, wọ́n sì ń pè é ní nọ́ńbà kan náà. Intel gba ilé-ẹjọ́ lọ, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò gbà pé ẹnìkan lè ni 386 gẹ́gẹ́ bí ẹni ni orúkọ. Nígbà tí ó di ọdún 1993 tí èyí tí ì bá jẹ́ 586 jáde, wọ́n yà á sọ́tọ̀ pẹ̀lú orúkọ Pentium, tí ó ti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríkì fún márùn-ún wá. Báyìí ni nọ́ńbà ti wọ aṣọ, tí ó di oyè.

Oyè kò ní kí àṣìṣe má wáyé. Ní ọdún 1994, Thomas Nicely, olùkọ́ ìṣirò ní Lynchburg College ní ìpínlẹ̀ Virginia, rí i pé Pentium ń ṣi ìṣirò pínpín kan ṣe. Intel kọ́kọ́ fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá, wọ́n gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́, wọ́n sì ya 475 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún un. Kò sí ẹni tí ó sọ pé Pentium kò yára. Ohun tí olùkọ́ náà fi hàn ni pé ẹni tí ó fi ọpọlọ ṣe iṣẹ́ gidi ni ó ń mọ ìwà rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó ka ohun tí a kọ sí ara páálí.

Ìtàn tí ó fi èyí hàn jù lọ ni ti Cyrix. Ilé-iṣẹ́ Cyrix, ní ìpínlẹ̀ Texas, ṣe ọpọlọ kan tí ń jẹ́ 6x86. Ọlọ́gbọ́n ọpọlọ ni. Nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì, èyí tí ń lu megahertz 150 lè ṣe ohun tí Pentium 200 ń ṣe. Nítorí náà Cyrix kò kọ 150 sí i lára. PR200+ ni wọ́n kọ, kí olùrà lè mọ ẹgbẹ́ tí ó ń bá rìn. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 1996 ni ilé-iṣẹ́ id Software gbé géèmù Quake jáde. Doom tí wọ́n ṣe ṣáájú, ní ọdún 1993, odidi nọ́ńbà ni ó fi ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Quake ń fẹ́ ìṣirò onídẹ́símà ní àpọ̀jù, kí ògiri àti ilẹ̀ inú rẹ̀ lè dà bí èyí tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ gan-an, wọ́n sì ti gé e ṣe wẹ́kú mọ́ ìrìn Pentium. Ibẹ̀ gan-an ni Cyrix kò ti lágbára. Ẹni tí ó ti ń fi PR200+ tẹ lẹ́tà tí inú rẹ̀ ń dùn gbé Quake lé e, àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ sí ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́. Ní ọdún 1997, Cyrix bọ́ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ National Semiconductor. Òṣùwọ̀n tí ó jẹ́ òtítọ́ fún akọ̀wé di irọ́ fún ẹni tí ń gbá géèmù, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ kan náà ni.

Ìkúnlẹ̀ ọdún 2004

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìje nọ́ńbà kò dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2000, AMD kéde ọpọlọ Athlon tí ń lu gigahertz kan. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni Intel kéde tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni Intel gbé Pentium 4 jáde, ọpọlọ tí a dìídì ṣe kí nọ́ńbà rẹ̀ lè máa ga. Wọ́n gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ kí ìlù lè máa yára, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe nínú ìlù kan kéré sí ti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ẹsẹ̀ kéékèèké níláti gbé e lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó bá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn dọ́gba.

Ooru ni ó fi òpin sí i. Bí ìlù ti ń yára sí i ni iná tí ó ń jẹ ń pọ̀ sí i, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná. Intel ti ṣèlérí Pentium 4 oní-gigahertz 4, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2004 wọ́n pa èrò náà tì. Ní ibi àpéjọ ńlá kan lóṣù náà, Craig Barrett, ọ̀gá àgbà Intel, kúnlẹ̀ lórí pèpéle níwájú àwọn ènìyàn, ó tọrọ àforíjì. Ọkùnrin Yorùbá ì bá dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní yàtọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2006, Core 2 Duo jáde. Èyí tí ń lu gigahertz 2.4 nínú wọn fi Pentium 4 oní-gigahertz 3.8 sílẹ̀ sẹ́yìn. Ogún ọdún àti ju bẹ́ẹ̀ lọ tí a fi ń ka ìlù, ọjọ́ kan ni ó wó lulẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ àti ìyáàlù

Nígbà tí ọpọlọ kan kò lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, àwọn tí ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọpọlọ méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ sínú ègé kan. Core ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nọ́ńbà tuntun sì dé ọjà: core mélòó? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni a ń bẹ ọ̀wẹ̀ sí.

Oko ríro ni iṣẹ́ tí ọ̀wẹ̀ tọ́ sí. Bí ogún ènìyàn bá dé oko, olúkúlùkù yóò mú ebè tirẹ̀, ẹnìkan kò ní dúró de ẹnìkejì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni yíya àwòrán fíìmù aláwòṣe ti rí. Apá òkè àwòrán kò dúró de apá ìsàlẹ̀. Core kọ̀ọ̀kan lè mú igun tirẹ̀. Bí a bá fi kún wọn, iṣẹ́ ń yá.

Géèmù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ onílù dùndún ni ká fi wé e. Ìyáàlù ni ó ń darí. Gúdúgúdú, kẹríkẹrì àti ìṣáájú, bí wọ́n tilẹ̀ pọ̀ tó, wọn kò lè sáré ju ìyáàlù lọ. Nígbà tí ẹni tí ń gbá géèmù bá tẹ bọ́tìnnì, ọpọlọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó ń lọ kí ó tó lè mọ̀ bóyá ògiri wà níwájú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó kọ lu ògiri kí ó tó lè sọ ohun tí káàdì àwòrán yóò yà. Ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Bí àwòrán 60 yóò bá jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí láàrin ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Core tí ó di ìyáàlù mú gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lù. Gene Amdahl ti ṣàlàyé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1967: bí ìdajì iṣẹ́ kan kò bá ṣeé pín, ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ kò lè mú kí ó yá ju ìlọ́po méjì lọ.

Ọdún 2017 ni ọjà rí èyí kedere. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta, AMD, tí ó ti ń rá pálá fún ọdún mélòó kan, gbé Ryzen 7 1800X jáde. Core mẹ́jọ ni ó ní, 499 dọ́là sì ni owó rẹ̀. Èyí tí ó ní core mẹ́jọ lọ́dọ̀ Intel nígbà náà, i7-6900K, ń gba ju 1,000 dọ́là lọ. Inú àwọn tí ń fi Blender ya àwòrán àti àwọn tí ń to fíìmù dùn. Iṣẹ́ tí ó ti jẹ́ ti ọlọ́rọ̀ bọ́ sí àrọ́wọ́tó wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ géèmù ìgbà náà, i7-7700K oní-core mẹ́rin, tí owó rẹ̀ kò tó 400 dọ́là, ni ó ń ṣíwájú, nítorí pé core kọ̀ọ̀kan rẹ̀ yára ju ti Ryzen lọ. Ẹni tí ó bá béèrè lọ́dún náà pé èwo ló dára jù kò tíì béèrè ìbéèrè tí ó pé.

Àká ẹ̀gbẹ́ ààrò

Ìtàn náà tún ní ìsọ̀rí kan sí i. Obìnrin tí ń se ọbẹ̀ lè yára lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọjà ni yóò lọ nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá nílò ata, ìyára ọwọ́ rẹ̀ kò wúlò. Àká kékeré kan ń bẹ nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, níbi tí ó ń kó ohun tí ó ń lò lemọ́lemọ́ sí. Cache ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, AMD ṣe ohun kan tí ó ta ko gbogbo ìpolówó àtijọ́. Wọ́n mú Ryzen 7 5800X, tí àká rẹ̀ jẹ́ megabyte 32, wọ́n gbé àká mìíràn lé e lórí títí ó fi di 96, wọ́n sì pè é ní 5800X3D. Nítorí ooru, wọ́n dín ìlù rẹ̀ kù láti gigahertz 4.7 sí 4.5. Nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn ń wò wálẹ̀, síbẹ̀ nínú géèmù ó ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ dáadáa. Ìdí ni pé géèmù a máa ṣa ohun kéékèèké káàkiri, ibi tí yóò sì ti ṣà á gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Nínú iṣẹ́ àwòrán yíyà, níbi tí ìlù ṣe pàtàkì ju àká lọ, ẹ̀gbọ́n ni ó ṣíwájú díẹ̀.

Intel ní tirẹ̀ ṣì ń lépa ìlù gíga. Ní ọdún 2024, lẹ́yìn tí àwọn tí ń gbá géèmù àti àwọn tí ń ṣe é ti ráhùn pé ọpọlọ ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ń dákú láàrin iṣẹ́, Intel jẹ́wọ́ pé iná tí àwọn ọpọlọ náà ń gbà ti ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ó fi àtúnṣe ránṣẹ́, ó sì fi ọdún méjì kún àkókò ìdánilójú wọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ọ̀nà ẹ̀sọ̀ náà wà, ó sì ti pẹ́. Ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ Acorn, tí ó ti lo 6502 nínú kọ̀ǹpútà BBC Micro, ń wá èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀. Sophie Wilson àti Steve Furber ṣe é fún wọn, ó sì ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1985. ARM ni orúkọ rẹ̀, iná tí ó ń jẹ kò sì tó nǹkan. Láti inú ìdílé yìí ni ọpọlọ fóònù wa ti wá. Inú rẹ̀ náà ni Apple ti ṣe M1 ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ègé tí ó ní transístọ̀ bílíọ̀nù 16. Gẹ́gẹ́ bí Amiga àtijọ́, wọ́n fún M1 ní àwọn olùrànlọ́wọ́ tí iṣẹ́ fíìmù jẹ́ tiwọn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò ní fáànù rárá ń to fíìmù láìlàágùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí géèmù wà lọ́kàn rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀pọ̀ géèmù kò sọ èdè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná yìí kàn wá ju bí ó ti kan àwọn tí ń kọ ìpolówó lọ. I9-14900K lè jẹ iná tí ó tó 253 wáàtì bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára; ọpọlọ alágbèéká kékeré kan lè má ju 15 lọ. Ẹni tí ó ń fi jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì inú ilé ṣiṣẹ́ níláti ka iye yìí mọ́ owó ọjà, nítorí pé ojoojúmọ́ ni yóò máa san án.

Ìgúnlẹ̀

Kí wá ni ìtàn náà kọ́ wa? Owó ni a kọ́kọ́ fi wọn ọpọlọ, lẹ́yìn náà ìlù, lẹ́yìn náà core, lẹ́yìn náà àká. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ irọ́. Ohun tí ó jẹ́ irọ́ ni kí a fi ọ̀kan ṣoṣo ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ gbogbo. I3, i5 àti i7 kò yàtọ̀ sí oyè: ipò ni wọ́n ń sọ láàrin àwọn tí ó jáde lọ́dún kan náà, fún irú ẹ̀rọ kan náà. I7 àná lè máà tó i5 òní, gẹ́gẹ́ bí Baálẹ̀ abúlé àti Baálẹ̀ ìlú ńlá ti ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ẹni tí géèmù jẹ lógún, kí ó wá core tí ó yára lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àká rẹ̀ tóbi. Mẹ́fà sí mẹ́jọ tó o, kí ó sì fi owó tí ó kù ra káàdì àwòrán. Ẹni tí ń ya àwòrán aláwòṣe, core púpọ̀ ni kí ó wá. Ẹni tí ń to fíìmù, kí ó béèrè bóyá ọpọlọ náà ní olùrànlọ́wọ́ fún irú fídíò tí kámẹ́rà rẹ̀ ń yà. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe méjèèjì, kí ó pinnu èyí tí ó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, kí ó fi ìyẹn ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ohun ìṣeré lásán. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Disney gbé eré aláwòṣe alápá-púpọ̀ kan jáde tí ìtàn rẹ̀ dá lé Èkó ọjọ́ iwájú. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà tí ń jẹ́ Kugali ni wọ́n bá wọn ronú rẹ̀, Ìwájú sì ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ Yorùbá. Àwọn ọmọ wa púpọ̀ ń fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, owó àjọ ìyá wọn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ta i7 náà. Ó pàdánù díẹ̀. Nígbà tí ó tún padà lọ sí ọjà, kò béèrè pé èwo ló ga jù. Ó kó ẹ̀dà fíìmù tirẹ̀ sínú fílááṣì, ó sì bẹ ẹni tí ń tà á pé kí ó jẹ́ kí òun fi iṣẹ́ òun dán kọ̀ǹpútà náà wò kí òun tó sanwó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dán an wò lára ẹ̀rọ mẹ́ta. Èyí tí ó rà kò wọ́n tó ti àkọ́kọ́. Àṣá yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ó tó já wálẹ̀, ó ti kọ́kọ́ rí òròmọdìẹ tí ó fẹ́ gbé.